Ọjọ́ Tí Wọ́n Tẹ́ Ìbọn Bàbá Mi Sórí Aṣọ Funfun

Nílé wa, ìbọn kì í dùbúlẹ̀. Èjìká ló máa ń wà, tàbí kó fara ti ògiri, tàbí kó wà lórí ìṣó tí bàbá mi kàn sí òkè ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbé e kalẹ̀ sórí ẹní lọ́jọ́ kan kí n lè ráyè gbálẹ̀ yàrá. Ìyá mi ti gbá mi létí kó tó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìbọn ọdẹ máa ń dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú.

Mo fojú ara mi rí i nígbà tí bàbá bàbá mi lọ. Mùsùlùmí ni wá. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, àwọn ààfáà sì ti ṣàdúà tán. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdẹ wá ṣe tiwọn. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí kan níwájú ilé, wọ́n gbé ìbọn rẹ̀ lé e, wọ́n ká gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, wọ́n sì fi àpò rẹ̀ tì í. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan wá, ó fi ọwọ́ òsì kan ìdí ìbọn náà, ó fi ewé tútù kan lélẹ̀, ó sì kọjá lọ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn ṣe tán, bàbá mi tó jẹ́ àkọ́bí gbé ìbọn náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí olóògbé máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni àṣà fàyè gbà. Èyí tí bàbá mi mú ni pé kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn sí ẹranko tó bá wá mu omi.

Bàbá àgbà ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tó ti ń dọdẹ, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń bá a jiyàn, wọ́n á ní ibi tí omi wà ni ẹran wà. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti gbé ìbọn rẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn mọ́. Báyìí ni àwọn ọdẹ wa ṣe rí i: ẹni tó wà láàyè lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́la, nítorí náà a lè bá a dúnàá dúrà. Òkú kò lè yí tirẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ òkú, gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ọdẹ ni bàbá mi náà, ó sì di olórí ọdẹ nígbà tó yá. Ó pa ẹran, n kò ní parọ́. Ẹran tó pa ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó wọ igbó lẹ́bàá odò lápá Alafiarou, ó rìn títí, kò rí nǹkan kan. Ó padà lọ, bákan náà ló rí. Nígbà tó tún lọ, ó rí ipasẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó tẹ̀ lé e. Ipasẹ̀ ara rẹ̀ ni, ti ọjọ́ tó lọ ṣáájú. Ó sọ fún wa pé òun jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù sì ba òun, nítorí òun ò tíì gbọ́ ọ rí pé ọdẹ dọdẹ ara rẹ̀.

Látìgbà náà ló ti ní kí ẹnikẹ́ni má dọdẹ mọ́ nínú igbó etí odò yẹn. Kì í ṣe igbó ńlá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lórí alùpùpù kó rò pé igi lásán ni. Bàbá mi ń ṣọ́ ọ, ó ń rìn yí i ká, ó ń pa iná tí àwọn tó ń sun oko kajú bá fi sílẹ̀, ó ń bá àwọn Fúlàní darandaran sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè wọn tó gbọ́. Díẹ̀díẹ̀, ẹtu padà wá. Àgbọ̀nrín tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀bọ dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí àgbàdo àwọn èèyàn, èyí tó mú kí àwọn kan máa bú bàbá mi lójúkojú.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá mi wà láàyè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn ọdẹ á pàdé, àwọn tó kéré nínú wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ẹran ti pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní ẹran gbígbẹ ń tà létí títì ní Tchatchou, wọ́n á ní àwọn bàbá ti jẹ tiwọn yó, wọ́n wá ń pa ìsaasùn dé mọ́ àwọn ọmọ lójú. Bàbá mi á bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á ní ó dáa, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọdọọdún ló ń bẹ̀bẹ̀, ọdọọdún sì ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Ó ń dàgbà. Bí ó bá ti ìpàdé yẹn dé, kì í lè jẹun.

Aránṣọ ni mí, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Tchaourou. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ ru. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi yára, ṣùgbọ́n kò yára tó ẹnu mi. Mo ti ní kó pa ọ̀rọ̀ igbó náà tì, kó jókòó sílé, kí ẹni tó fẹ́ ẹran lọ pa ẹran. Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá sọ ìsọkúsọ, ó sì lọ wọ bàtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ kan wá láti Kútọnu, àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́. Àwọn fọrẹsítíyé, ìyẹn àwọn aṣọ́gbó ìjọba, ló mú wọn wá. Wọ́n rìn nínú igbó náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bi bàbá mi léèrè ọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọbìnrin kan láàárín wọn pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti yan Papa. Wọ́n fẹ́ fún un ní médáì àti ìwé ẹ̀rí níwájú gbogbo èèyàn, ní Tchaourou níbí. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin náà, kò sí ohun tí mo lè fi bú u, títí dòní.

Mo rò pé bàbá mi á ní òun kò fẹ́, torí kò fẹ́ràn ariwo. Ó ya mí lẹ́nu pé ó gbà kíá. Ó ṣàlàyé fún èmi àti ìyá mi pé òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi médáì ṣe, ṣùgbọ́n bí àwọn ọdẹ bá rí i tí àwọn aláṣẹ dìde dúró fún ọ̀rọ̀ igbó yẹn, bóyá wọ́n á dẹ́kun àríyànjiyàn. Ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ àmì-ẹ̀yẹ náà kò ju ìyẹn lọ. Ó fẹ́ kú kó fi igbó náà sílẹ̀ lódidi. Ó sì ránṣẹ́ pe gbogbo ọdẹ, àtàwọn tó ń bá a jà, kí wọ́n wá.

Mo tún gbérí rẹ̀ rán níbi tó ti ya. Ìyá mi fi òrí ra awọ àpò rẹ̀ títí ó fi dán. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi gbé ìbọn kọ́ èjìká, láìkì í, kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ẹni tó fi zémi, alùpùpù akérò, gbé e, ó nàró gangan, ó ń kí àwọn èèyàn láti orí alùpùpù. Inú mi dùn sí i. Mo wà lórí zémi kejì pẹ̀lú ìyá mi, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ta ibòji sábẹ́ àwọn igi máńgòrò. Àwọn aláṣẹ wà níwájú lórí àga onítìmùtìmù, àwọn ọdẹ wà lápá òsì lórí àga gbọọrọ, àwọn ará ìlú yí wọn ká. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti dá bàbá mi dúró. Ọlọ́pàá kan ní kò sẹ́ni tó máa gbé ìbọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláṣẹ, ìbáà ní ẹ̀tù nínú, ìbáà máà ní. Ọmọbìnrin ará Kútọnu sáré wá. Ojú tì í, ó ń tọrọ àforíjì fún ọlọ́pàá, ó ń tọrọ àforíjì fún bàbá mi. Ó wá rí ọgbọ́n kan dá.

Ó ní: “Papa, ẹ má bínú, nítorí ààbò ni, sékírítè. Ẹ jẹ́ ká gbé e síbi tó lọ́lá, níwájú, kí gbogbo èèyàn rí i.”

Bàbá mi gbé ìbọn fún un. Àlejò ni, ó sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún mú ẹ̀wù tuntun kan wá, alápá kúkúrú, tí wọ́n ya orí àgbọ̀nrín sí láyà, pé èyí ni gbogbo ẹni tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ máa ń wọ̀. Bàbá mi bọ́ gbérí rẹ̀, ó wọ ti wọn. Nígbà tí a fi máa jókòó, ọmọbìnrin náà ti ní kí wọ́n gbé tábìlì wá síwájú àwọn aláṣẹ. Ó wá aṣọ tó mọ́ tẹ́ lé e. Ó tẹ́ ìbọn sórí rẹ̀. Ó ká gbérí dáadáa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ó sì fi àpò tì í. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó rí i pé ó dára.

Aṣọ funfun ni.

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Lápá òsì, gbogbo àwọn ọdẹ ti kọjú síwájú. Wọ́n ń wo tábìlì, wọ́n ń wo bàbá mi tó jókòó sórí àga ọlá nínú ẹ̀wù àjèjì, ọwọ́ rẹ̀ lórí eékún. Ọ̀kan ṣí fìlà rẹ̀. Àwọn yòókù ṣí tiwọn. Ẹnìkan ń fi gbohùngbohùn ka ọ̀rọ̀ ìyìn ní Faransé nígbà náà, ó sì dúró díẹ̀, ó rò pé nítorí òun ni wọ́n ṣe ṣí i.

Àṣà náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ọgbọ́n. Bí ìbọn ọdẹ bá wà lórí aṣọ funfun pẹ̀lú gbérí rẹ̀, ọdẹ tó bá rí i kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Àgbà inú wọn, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, dìde dúró. Kò rìn. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ń wò ó, mo sì mọ ohun tó ń bi í. Bàbá mi lè rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó lè dìde, kó mú ìbọn rẹ̀ kúrò, kó ní àwọn àlejò kò mọ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí a ó máa sọ nídìí oúnjẹ. Ó wo àwọn ọdẹ kéékèèké tó ń bá a jà lọ́dọọdún, tí wọ́n di fìlà mú láyà. Ó wo ìyá mi. Lẹ́yìn náà, ó di ojú rẹ̀, ó sì fi orí ṣe àmì pé kí ọ̀rẹ́ òun lọ.

Mo fẹ́ kígbe.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ já ewé máńgòrò kan, ó lọ síbi tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì kan ìdí ìbọn, ó fi ewé náà lélẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ tó ríran àti èyí tí kò ríran. Àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Àwọn aláṣẹ rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún bàbá mi, wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ya fọ́tò kúnlẹ̀ kó lè rí ojú àwọn ọdẹ dáadáa. Ọmọbìnrin ará Kútọnu ń nu ojú nù, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó mọ́ àfi bàbá mi.

Ọdẹ tó kẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì. Bàbá mi la ojú, ó sì gbé e lé mi. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Mo mi orí pé rárá. Kò yí ojú kúrò. Ìyá mi ló tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi, díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Mo sì dìde.

Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan ń kùn pé obìnrin ni. Ọ̀rẹ́ bàbá mi dá a lóhùn láìwo ẹ̀yìn.

Ó ní: “Àkọ́bí ni wọ́n wí fún wa. Wọn ò wí fún wa pé ọkùnrin.”

Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà yẹn fẹ́ gbéra nígbà tó rí i tí mo na ọwọ́ sí ìbọn, ọmọbìnrin náà sì mú un lápá, ó ní ó wà lára ayẹyẹ. Ìbọn náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbé e, mo kọjú sí àwọn ọdẹ, kì í ṣe sí àwọn aláṣẹ. Mo wá ọ̀rọ̀ náà, kò sì ṣòro láti rí, mo ti ń gbọ́ ọ láti ọdún pípẹ́, mo ti fi bú u rí.

Mo ní: “Igbó etí odò, kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn níbẹ̀.”

Àwọn ọdẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn gbọ́. Àtẹ́wọ́ tún sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi médáì kọ́ bàbá mi lọ́rùn, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó gba gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní Faransé díẹ̀ tó mọ̀, ó sì jókòó.

Wọ́n pín ìrẹsì fún gbogbo èèyàn. Ibi tí a ti ń jẹun ni àwọn ọdẹ ti wá bá ìyá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n kí i pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ìyá mi gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ bàbá mi fún un bí ẹni ń nu ti ọmọdé, ó fà á dìde, ó ní ká máa lọ sílé.

Nílé, mo gbaná jẹ. Mo ní báwo ló ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa láìbi wá, báwo ló ṣe lè jẹ́ kí ìyá mi di opó lójú ọjà pẹ̀lú ọkọ nílé. Mo ní ta ló ń fi ara rẹ̀ ṣòwò nítorí ẹtu àti ọ̀bọ. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá sọ fún mi pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun lọ gba àmì-ẹ̀yẹ ni. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà tẹ́ aṣọ ni òun rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun sì rí i pé ohun tí òun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún gbọọrọ ti wà lórí tábìlì, tí òun bá lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní jíjókòó yẹn nira ju ìrìn gbogbo tí òun ti rìn nínú igbó lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ti kọjá lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn mọ́. Àwọn ọmọdé ọdẹ tó ń bá a jà, àwọn gan-an ló ń lé àlejò ọdẹ kúrò nínú igbó náà báyìí, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ òkú ni. Bí wọ́n bá ṣèpàdé, wọ́n á mú obì wá fún mi ní ìsọ̀ mi, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni ìbọn wà. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á yà sọ́dọ̀ mi, á jókòó síbi tí mo ń kó aṣọ tí a gé kù sí, á bi mí ohun tí wọ́n sọ. Mo máa ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì máa ń bù sí i díẹ̀ kó lè dùn.

Ọmọbìnrin ará Kútọnu fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní wọ́n ti gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì wọn, ó ní nínú gbogbo ayẹyẹ tí àwọn ti ṣe, kò sí èyí tí ará ìlú ti bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan tó bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkàntọkàn ni. Ẹ̀yìn àwọn ọdẹ ló kún inú fọ́tò náà, wọ́n tẹ̀ sórí tábìlì. Bàbá mi wà ní igun kan, ó ń wo aṣọ funfun.

Nígbà tí ìbọn kúrò lórí ìṣó òkè ibùsùn rẹ̀, bàbá mi fi médáì kọ́ ọ. Ìyá mi kì í nù ún. Bàbá mi nìkan ló ń nù ún.

Ọ̀nà oko gba iwájú ilé wa kọjá. Láàárọ̀, bí àwọn ọdẹ bá ń lọ, a máa ń gbọ́ ohùn wọn láti òkèèrè, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀gangan wa, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á kọjá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ojú oórì bàbá àgbà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi olójú kan wà láàárín wọn. Bàbá mi máa ń wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní àkókò yẹn. Ó mọ̀ pé wọn kò ní dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń gbé ọwọ́ sókè láràárọ̀, á sì kí wọn.